Bí Mo Ṣe Ń Fi Wáìfáì Pa Ìyá Ọkọ Mi Lẹ́nu Mọ́

Ìka kan ṣoṣo ni mo fi ṣe é. N kò pariwo, n kò bú ẹnikẹ́ni, n kò tilẹ̀ dìde níbi tí mo jókòó sí. Ẹ̀yin ìyàwó ilé tí ẹ máa ka ọ̀rọ̀ yìí, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á rẹ́rìn-ín, àwọn mìíràn á sì máa béèrè lọ́kàn wọn pé ibo ni wọ́n ti ń ta irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀. Ẹ ní sùúrù, ẹ kà á tán ná.

Hosiyat ni orúkọ mi. Ilé àwọn òbí ọkọ mi ní ìlú Kokand ni mò ń gbé, nítorí pé Ikrom ọkọ mi ni àbíkẹ́yìn, àbíkẹ́yìn ọkùnrin ló sì máa ń bá ìyá gbé. Bàbá rẹ̀ ti dolóògbé. Àwa mẹ́ta la wà nínú ọgbà ńlá náà: èmi, Ikrom, àti Inobat ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Oyi. Iṣẹ́ ọnà ni mò ń ṣe sára fìlà, mo sì máa ń fi fídíò han àwọn oníbàárà láti yàrá mi.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀. Àpótí wáìfáì kan ṣoṣo tí a ní wà ní yàrá àlejò, nínú kọ́bọ́ọ̀dù, lẹ́yìn àwọn abọ́ tíì tí ẹnikẹ́ni kì í lò. Yàrá tèmi wà ní òdìkejì àgbàlá. Amọ̀ ni wọ́n fi mọ ilé náà láyé bàbá bàbá Ikrom, ògiri rẹ̀ sì nípọn tó gígùn apá mi. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á dé ẹnu ọ̀nà, á rò ó, á padà síbi tó ti ń bọ̀. Bí mo bá ń fi fìlà han oníbàárà, ojú mi á dì pa sórí fóònù rẹ̀ pẹ̀lú ẹnu ní yíyà, òun á sì rò pé mo fẹ́ sín ni.

Ti Oyi burú ju tèmi lọ. Fóònù fífẹ̀ kan bíi wàláà ni wọ́n ń lò, kò sì ní káàdì ìpè nínú. Bí kò bá ti sí wáìfáì, kò yàtọ̀ sí pákó tí a fi ń gé àlùbọ́sà. Òun sì ni wọ́n fi ń rí ojú Àǹtí Salomat, ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo, ẹ̀gbọ́n Ikrom, tó lọ́kọ sí Nukus lọ́hùn-ún, níbi tí rélùwéè máa ń rìn títí ilẹ̀ á fi ṣú, tí á sì tún mọ́, kí ó tó dé. Ọdún mọ́kànlá ni Àǹtí Salomat fi wá ọmọ. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, oyún dúró.

Ikrom ní òun ò lè jẹ́ kí ìyá òun máa wo ọmọ rẹ̀ aláboyún bí ẹni ń wo èèyàn nínú omi tó dà rú. Lọ́jọ́ Àìkú kan ló gbé ẹ̀rọ tuntun dé, àpótí funfun mẹ́ta. Ó ní ọmọ ìyá ni wọ́n. Ẹ̀gbọ́n á dúró láàárín ilé, á máa ju nẹ́tíwọ́ọ̀kì sí àwọn àbúrò méjì, àwọn náà á sì máa jù ú síwájú. Ó fẹsẹ̀ wọn àgbàlá láti igun dé igun. Ó gun àkàbà, ó gbé ẹ̀gbọ́n kọ́ sókè lára òpó ìloro, ó gbé àbúrò kan sí yàrá mi, ó gbé èkejì sí ti Oyi. Ó kìlọ̀ fún wa pé lókè àti ní gbangba ni kí wọ́n máa wà, kí ẹnikẹ́ni má fi wọ́n sẹ́yìn dígí, kí ẹnikẹ́ni má sì kó wọn sínú irin.

Lọ́jọ́ kejì, nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dé yàrá Oyi mọ́. Ikrom wá àpótí náà títí, inú àpótí ẹrù ìyàwó ti Oyi ló ti bá a, èyí tí wọ́n gbé wá sílé ọkọ lọ́jọ́sí, tí wọ́n fi páànù dídán bò yíká, lábẹ́ kúbùsù mẹ́rìnlá. Ikrom yọ ọ́ jáde. Nígbà tó máa fi di ọ̀sán, wọ́n ti dá a padà.

"Oyi, ó ní láti mí," ni Ikrom wí.

"Ohun tó bá níye lórí, inú àpótí ni wọ́n ń fi í sí," ni Oyi dá a lóhùn. "Bí bàbá rẹ ṣe fi ìwé ilé yìí síbẹ̀ nìyẹn, ìwé náà kò sì kú."

Nígbẹ̀yìn, wọ́n gbà kí ó dúró sórí àpótí. Ṣùgbọ́n Oyi rán kúbùsù kékeré kan fún un, nítorí eruku.

Ẹ jẹ́ kí n sọ òtítọ́, ẹ̀rọ náà dára. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣàn káàkiri ilé. Mo ta fìlà mẹ́sàn-án lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Oyi sì ń rí Àǹtí Salomat kedere débi pé wọ́n bá a wí nítorí irun ojú tó fá.

Ibi tó dára sí náà ló ti burú fún mi. Lọ́dọ̀ tiwa níbí, ìyá ọkọ tó mọ̀wàá hù kì í bá ìyàwó wí lójú. Ọmọbìnrin tirẹ̀ ni yóò máa sọ̀rọ̀ náà fún, kí ìyàwó tó wà nítòsí lè gbọ́. Wọ́n tilẹ̀ máa ń pa á lówe pé, "Ọmọ mi, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀, ìyàwó mi, ìwọ ni kí o gbọ́." Nígbà tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò dára, àṣà yìí ti fẹ́ parun nílé wa. Ẹ̀rọ Ikrom ló jí i dìde.

Ní aago mẹ́wàá àárọ̀, Oyi á jókòó sórí pèpéle àgbàlá, wọ́n á gbé wàláà náà ti ìkòkò tíì, wọ́n á sì gbóhùn sókè ju bó ṣe yẹ lọ. Èmi á wà nídìí ààrò búrẹ́dì, ìṣísẹ̀ mẹ́wàá sí wọn.

"Salomat, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀ o. Àwọn kan wà tí wọ́n máa ń po ìyẹ̀fun bí ẹni fẹ́ fọṣọ."

Lọ́jọ́ kejì, iyọ̀ inú ọbẹ̀ ni. Lọ́jọ́ kẹta, ìgbálẹ̀ mi, pé mò ń kó eruku láti apá ọ̀tún lọ fi kí apá òsì. Ọ̀rọ̀ yẹn ń dùn mí, ó sì tún ń pa mí lẹ́rìn-ín, ẹ̀rín yẹn ló wá ń bí mi nínú jù.

Kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́, ẹ gbọ́ bí ìdánwò ṣe dé. Ikrom ti fi áàpù ẹ̀rọ náà sórí fóònù tirẹ̀ àti tèmi. Orúkọ gbogbo fóònù tó ń jẹ nẹ́tíwọ́ọ̀kì nílé ló wà níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló tò wọ́n: Ikrom, Hosiyat, Oyi, Tẹlifíṣọ̀n. Bọ́tìnnì kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ kọ̀ọ̀kan. Bí o bá tẹ̀ ẹ́, fóònù yẹn á dúró, àwọn yòókù á máa lọ. Ó ní nítorí ọmọ àlejò tó bá ń ṣeré jù ni. Ó béèrè bóyá ó yé mi, mo ní ó yé mi.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́, iyọ̀ ni wọ́n tún ń sọ. Mò ń họ kárọ́ọ̀tì, fóònù wà lórí itan mi.

"Ìyàwó àbúrò rẹ yìí, bí ó bá bu iyọ̀..."

Mo tẹ̀ ẹ́.

"Salomat? Salomat? Ha, ó ti dì."

Gbogbo àgbàlá dákẹ́. Mo gbọ́ àdàbà lórí igi, èyí tí n kò gbọ́ láti bí oṣù kan. Mo họ kárọ́ọ̀tì mi tán ní ìrọ̀rùn, lẹ́yìn náà mo tú Oyi sílẹ̀. Mo búra fún ara mi pé ẹ̀ẹ̀kan yẹn náà ni. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Kí oṣù tó parí, mo ti di ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà. Oyi á wú ikọ́ kékeré kan, wọ́n á ti ìkòkò tíì sápá kan, wọ́n á wá ní, "Ìyàwó àbúrò rẹ..." Ibi "ìyàwó" ni ìka mi ti máa ń gbéra.

Oyi kò fura sí mi rárá. Ojú ayé ni wọ́n fura sí. Tursunoy aládùúgbò wa, ẹni tó ṣe alárinà ìgbéyàwó Àǹtí Salomat, ló sọ fún wọn pé ẹnì kan ti ń ṣe ìlara àpótí náà. Wọ́n sun ewé isiriq lórí iná, ewé tí a fi ń lé ojú burúkú, wọ́n gbé èéfín rẹ̀ yí ẹ̀rọ náà ká lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n so ìlẹ̀kẹ̀ dúdú olójú funfun mọ́ ọn lọ́rùn. Èmi ni mo gbé àwo èéfín dání fún wọn. Wọ́n ní kí Ọlọ́run fọ́ ojú ẹni tó ń ṣe é. Mo ṣe àmín, omi sì ń dà lójú mi nítorí èéfín.

Mo dé ibi tí n kò fẹ́ dé báyìí.

Oyi ti pinnu pé àwọn ò ní jẹ́ kí Salomat dá rọbí. Wọ́n ti gba tíkẹ́ẹ̀tì rélùwéè ọjọ́ Ẹtì. Bí ọmọ bá sì tètè dé, wọ́n á wà lójú fídíò, wọ́n á máa gbàdúrà sí i létí títí yóò fi bí i. Wọ́n di yẹtí wúrà kan sí etí gèlè wọn, suyunchi ni, ẹ̀bùn ẹni tó bá kọ́kọ́ kígbe ìròyìn ayọ̀ náà. Èmi nìkan ni mo ń bá wọn gbélé lọ́sàn-án, nítorí náà mo ti ń wo etí mi nínú dígí.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án oṣù kẹta, ọjọ́ Ajé, aago mẹ́wàá kọjá ogún ìṣẹ́jú. Ààrò ti gbóná, búrẹ́dì mẹ́rìndínlógún wà nílẹ̀. Oyi wúkọ́. Ìkòkò tíì sún. "Salomat, ìyàwó àbúrò rẹ..." Mo tẹ̀ ẹ́, mo gbé fóònù lọ sí ojú fèrèsé yàrá mi kí iná wọ̀ ọ́, mo sì padà sídìí ààrò. Búrẹ́dì kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Mo gbàgbé láti tú Oyi sílẹ̀.

Ọ̀sán ti pọ́n nígbà tí Tursunoy já wọlé tòun ti sílípáàsì ẹsẹ̀ kan.

"Suyunchi, Inobat, suyunchi! Ọkùnrin ni!"

Oyi dìde, wọ́n tún jókòó. Wọ́n béèrè bí Tursunoy ṣe gbọ́ kí àwọn tó gbọ́. Tursunoy ní ọkọ Salomat ti pe wàláà náà lẹ́ẹ̀mẹfà, kò wọlé. Ó pe fóònù mi, ẹnikẹ́ni kò gbé e. Ti Ikrom wà lẹ́nu géètì ilé ìlọ̀ àlìkámà níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, nítorí wọn kì í jẹ́ kí òṣìṣẹ́ mú fóònù wọlé. Ìgbà náà ló wá pe òun. Tursunoy kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun dákẹ́ síbẹ̀, ó ní wákàtí méjì ni Salomat fi ń béèrè ohùn ìyá rẹ̀.

Oyi tú etí gèlè, wọ́n fún un ní yẹtí náà. Lẹ́yìn náà wọ́n kọjú sí ògiri, wọ́n fọwọ́ bo ẹnu. Ọdún mọ́kànlá ni wọ́n fi dúró de ọjọ́ yẹn.

Mo sáré lọ sí yàrá mi, mo tú wọn sílẹ̀. Láti àgbàlá, mo gbọ́ tí wàláà náà ń dún bí àwọn ìpè tó ti kọjá ṣe ń wọlé. Mo kà wọ́n, wọ́n pé mẹ́fà. Ojú tì mí débi pé n kò lè jáde.

Nígbà tí Ikrom dé, Oyi kò kígbe mọ́ ọn. Ìbá sàn kí wọ́n kígbe.

"Tú àwọn nǹkan yìí kúrò lára ilé mi," ni wọ́n wí. "Wọ́n pín èmi àti ọmọ mi níyà lọ́jọ́ ìrọbí rẹ̀. Ìwọ lo sì gbé wọn wá."

Ikrom wò mí. Èmi ń wo ìkòkò tíì. Ẹ̀yin òǹkàwé, bọ́tìnnì yẹn kọ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi tó tóbi jù. Ìkòkò tíì tí mo wò yẹn ni.

Oyi lọ sí Nukus lọ́jọ́ Ẹtì, wọ́n sì dúró ti ọmọ wọn títí ogójì ọjọ́ fi pé. Ikrom bẹ̀ wọ́n kí wọ́n jẹ́ kí ẹ̀rọ náà wà títí wọ́n á fi dé, ó ní òun á rí ìdí ọ̀rọ̀ náà. Gbogbo ọjọ́ ìsinmi rẹ̀ ló fi ń gun àkàbà. Ó lu ògiri, ó fa wáyà kọjá, ó gbé ẹ̀gbọ́n kúrò lára òpó, ó dá a padà, ó ra àbúrò kẹta fún ilé ìdáná. Ó ń rìn káàkiri pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́, ó ń wọn agbára nẹ́tíwọ́ọ̀kì, agbára náà sì ń pé níbi gbogbo. Ní àṣálẹ́ ọjọ́ kan ó jókòó tì mí, eruku amọ̀ lórí irun rẹ̀.

"Hosiyat, ṣé kò sí nǹkan kan tí ojú mi ò tó?"

Mo ní bóyá ògiri ni. Ògiri tó ti dúró láti ọgọ́rùn-ún ọdún, èmi ni mo purọ́ mọ́ ọn.

Lẹ́yìn ogójì ọjọ́, Oyi kó Àǹtí Salomat àti ọmọ wá sílé. Ilé kún. A se palov, ìrẹsì ẹlẹ́ran ti ilẹ̀ wa, Tursunoy wá tòun ti yẹtí wúrà létí. Nígbà tí wọ́n jẹun tán, Ikrom dìde. Ó ní òun fẹ́ wẹ ara òun mọ́ níwájú ẹ̀gbọ́n òun. Ó ti rí ojú ìwé kan nínú áàpù náà, tó ń ṣe àkọsílẹ̀ gbogbo ohun tí ẹ̀rọ bá ṣe lójoojúmọ́. Kò tíì kà á. Ó ní kí gbogbo wa jọ kà á, kó hàn bóyá ẹ̀rọ ni tàbí òun. Ó sì gbé e sójú tẹlifíṣọ̀n, tó fẹ̀ bí ilẹ̀kùn.

Abọ́ tíì méjì wà lọ́wọ́ mi. N kò rántí ibi tí mo gbé wọn sí.

"Oyi," ni Ikrom kà sókè, inú rẹ̀ dùn. "A dá a dúró. Ẹni tó dá a dúró..."

Tursunoy fi awò sójú, ó bá a kà á lọ. "Hosiyat. Oyi, a dá a dúró, Hosiyat. Oyi, a dá a dúró, Hosiyat. Inobat, ó ti lé ní ogún ìgbà nìyí."

"Fi ìlà yẹn sílẹ̀ níbẹ̀," ni Àǹtí Salomat wí. Ọmú wà lẹ́nu ọmọ. "Oṣù kẹta, ọjọ́ kẹsàn-án, mẹ́wàá kọjá ogún. Ọjọ́ tí mo bímọ nìyẹn. Ìbàdí ti ń ro mí láti àárọ̀. Mo ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun ló kàn, mo ń dúró kí Oyi parí rẹ̀, kí n tó sọ fún wọn."

Àwọn obìnrin tó kún yàrá wá rí i pé ilé wọn jìnnà, wọ́n sì ń wá bàtà. Mo kúnlẹ̀ sórí ilẹ̀, mo ń sunkún. Oyi wo tẹlifíṣọ̀n náà. Lẹ́yìn náà wọ́n wúkọ́, wọ́n sì sún ìkòkò tíì.

"Salomat, ìwọ ni mò ń bá..." Wọ́n dúró. Wọ́n yí ojú sí mi. Láti ọdún mẹ́rin, "ìyàwó" ni wọ́n ń pè mí. "Rárá. Hosiyat, ìwọ ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ ìyẹ̀fun ni mo fẹ́ sọ lọ́jọ́ yẹn lóòótọ́. Omi pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó ṣì ń pọ̀ jù títí dòní. Ṣùgbọ́n ẹ̀sùn rẹ kì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ta lọ́wọ́ mi. Ìṣẹ́jú mẹ́ta péré, á wá kan ọmọ mi."

Ẹ bá mi wá èsì sí ìyẹn bí ẹ bá ní in.

Ikrom kò bá mi sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, mo sì mọ̀ pé ó tọ́ sí mi. Nígbà tí Àǹtí Salomat ń padà, mo tẹ̀ lé e lọ sí Nukus, mo fi ogún ọjọ́ fọ aṣọ ọmọ, mo ń gbé e kí ìyá rẹ̀ lè sùn. Òun ló kọ́kọ́ dárí jì mí. Ó ní òun náà ní ìyá ọkọ, ó sì béèrè orúkọ ẹ̀rọ náà lọ́wọ́ mi. N kò sọ ọ́ fún un.

Ohun kan ṣoṣo ni Oyi béèrè nígbà tí mo dé: kí Ikrom fi áàpù náà sórí wàláà wọn. Wọ́n fi awò sójú, wọ́n ní kí a fi bọ́tìnnì náà han àwọn. Lẹ́yìn ìyẹn, a kò gbọ́ nǹkan kan nípa rẹ̀ mọ́ fún oṣù méjì, mo sì rò pé wọ́n ti gbàgbé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo wà nínú yàrá mi, mò ń bá ìyá tèmi sọ̀rọ̀ lórí fídíò. Mo ń rojọ́ fún wọn pé Oyi ní kí n tú kúbùsù mẹ́ta tí mo ti rán tán, kí n tún wọn rán. Mo rọra ń sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n fèrèsé wà ní ṣíṣí.

"Màámi, ìyá ọkọ mi yìí..."

Ẹnu ìyá mi dì ní yíyà lójú fóònù. Mo mi fóònù. Mo wo àpótí funfun lókè, iná rẹ̀ ń tàn dáadáa. Mo bá yọrí lójú fèrèsé. Oyi jókòó sórí pèpéle, awò wà lójú wọn, wàláà wà lórí itan, ìka kan ṣì wà lókè.

Mo ré àgbàlá kọjá, mo lọ dúró níwájú wọn.

"Ibo lo bá ọ̀rọ̀ dé?" ni Oyi béèrè.

"Ibi kúbùsù, mà."

"Jókòó. Sọ èyí tó kù fún mi."

Mo jókòó. Oyi mú abọ́ kan, wọ́n bu tíì sí i. Ẹni tí a bá fẹ́ kó tètè máa lọ, kíkún ni a máa ń bu tirẹ̀. Wọn kò bu tèmi ju ìlàjì lọ.